Ẹ̀jẹ̀ Ta Ló Mọ́?

Oòrùn kò tíì yọ dáadáa tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ nílé Ìyá Alápò. Kì í ṣe ìjà ẹni tí kò fọ balùwẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tó bu omi ẹlòmíràn láìtọrọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Hàmdálàt, ìyàwó ọmọ Ìyá Alápò, bímọ ní ìrọ̀lẹ́ àná lọ́dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò. Ọmọbìnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé ọmọ náà kò dúró. Nígbà tí wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ dé ọsibítù, ojú rẹ̀ ti funfun. Dókítà rí ẹ̀jẹ̀ náà dá dúró, ó sì fa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kan sí i lára, ṣùgbọ́n ó ní kò tó, pé òmíràn gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ lónìí bí wọn kò bá fẹ́ kó kú. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó bá tirẹ̀ mu ló kù nínú fíríìjì, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ dè. Àfi kí ẹbí mú ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò rẹ̀ wá. Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn. Ní ìlú tí ẹlẹ́rìndòdò kì í tán nínú fíríìjì, ẹ̀jẹ̀ ló ń tán.

Àrínọlá ni orúkọ Ìyá Alápò gan-an. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn Dópẹ́mú, lápá Agége. Ó ń ra àpò òfìfo lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì àti bísíkíìtì ní Ìkẹjà, á fọ̀ wọ́n, á sá wọn, á sì tún wọn tà. Kò sí àpò tí kì í gbé sókè sí oòrùn kó tó sanwó rẹ̀, nítorí ó gbà pé gbogbo ẹni tó ń tajà ló ní ihò kan tó ń fi ọwọ́ bò. Bó ṣe ń wo àpò náà ló ń wo ọmọ ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, Kábírù ńkọ́?" Uswat ló béèrè, ẹ̀gbọ́n Hàmdálàt, tó ti wà ní ọsibítù mọ́jú. Ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tuntun àbúrò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń fún lọ́mú. "Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ tèmi. Wọ́n ní abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló kù."

Abdulkabir, tí gbogbo ilé ń pè ní Kábírù, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gé èékánná. Kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi ò lè fún ìyàwó ẹ̀ lẹ́jẹ̀," ni Àrínọlá wí. "Èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ bí i ti báwo?"

"Ìwọ náà kọ́ kéwú, àbí o ò kọ́ ọ? Ọkùnrin àti obìnrin tó bá mu ọmú ìyá kan náà, ṣé wọ́n lè fẹ́ra? Wọn ò lè fẹ́ra! Kí sì ni ọmú? Ẹ̀jẹ̀ tó funfun ni. Bí ọmú bá lè sọ àjèjì di ọmọ ìyá, ẹ̀jẹ̀ gan-an wá ńkọ́? Bí ẹ̀jẹ̀ Kábírù bá wọ ara Hàmdálàt lónìí, ó ti di àbúrò ẹ̀ nìyẹn. Ta ló máa wá fẹ́ àbúrò ẹ̀?"

Ọkùnrin kan tó ń run pákò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Alápò ti di ààfáà o!" Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ó ní òun gan-an ti ń ronú rẹ̀.

"Àwọn méjì tí mò ń fún lọ́mú yìí lẹ lè pè ní ọmọ ìyá," ni Uswat wí. "Ẹ fi ti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀."

"Màmá ti sọ ọ́," ni Kábírù wá dáhùn. "Mi ò fẹ́ ba ẹ̀sìn jẹ́."

"Ẹ̀sìn! Ìwọ tí ìrun àsùbáà ń bá lójú oorun lójoojúmọ́? Ìgbà wo lo di ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀sìn?"

Ó yẹ kí inú Àrínọlá dùn pé ọmọ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sinmi. Ó rí i tí èjìká Kábírù wálẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù fún alábàárù. Ó rí i, ó sì gbójú kúrò, nítorí kò sí ẹni tó ń fẹ́ rí ihò lára ọmọ tirẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Oyèbọ́lá fi yọ láti yàrá ìkangun, pẹ̀lú ìkòkò ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín nínú abọ́. Ìyá Ọpẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, aláṣọ funfun ni, ará ìjọ Aládùúrà tí kì í wọ bàtà bó bá ń lọ sí ilé àdúrà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ aláìsàn o, Ìyá Alápò. Ẹ jẹ́ kí aboyún àná rí nǹkan mu. Bí ẹ bá sì wá ẹni tó máa fa ẹ̀jẹ̀ tì, èmi wà ńlẹ̀. Ara mi le."

Àrínọlá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin yìí tó bá òun jà lórí okùn aṣọ ní àìpẹ́ yìí ló wá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ máa fi rojọ́ ká àdúgbò títí láé pé òun lòun gba ìyàwó wọn là.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Ọpẹ́. A ò tíì débẹ̀."

Oyèbọ́lá gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àrínọlá ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà. Uswat ló bù ú mu ní tirẹ̀. Ó ní bí ebi bá ń pa ènìyàn, kì í wo ojú ẹni tó se oúnjẹ.

Ní ọsibítù, Kábírù tó tẹ̀lé wọn dúró síta, wọ́n sì jẹ́ kí Àrínọlá yọjú sí wọ́ọ̀dù. Ètè Hàmdálàt ti gbẹ, ó funfun bí ẹni tó lá ìyẹ̀fun. "Ọmọ mi dà?" ló kọ́kọ́ béèrè. Ó tún béèrè pé, "Ọkọ mi ńkọ́?" Àrínọlá dá a lóhùn pé ó wà níta. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àánú ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe é débi tí kò lè dúró pẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ń jẹ́ Tinúadé. Nígbà tí Àrínọlá ro ẹjọ́ ọmú àti ẹ̀jẹ̀ fún un, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ kì í sọ ọkọ di ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, àwa gan-an kì í fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó tó ṣì máa bímọ lára. Ó nídìí tiẹ̀. Inú fíríìjì ni ti ọkọ ń lọ, á di ti ẹlòmíràn. Èyí tó wà nínú fíríìjì la máa gbé fún ìyàwó yín. A kàn máa kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ náà wò ni."

"Kí lẹ máa wò níbẹ̀?"

"Éèdì, rẹ́kórẹ́kó, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì. A ò lè mú àìsàn ẹnìkan sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí pé a fẹ́ gbà á là."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti tán. Àrínọlá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó yá, ká apá aṣọ ẹ sókè." Kábírù ti dìde. "Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tẹ̀lé e, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. "Àbúrò bàbá mi ló bí i," ni Kábírù sọ fún nọ́ọ̀sì, láìwo ojú ìyá rẹ̀. "Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Òun ló máa fa ẹ̀jẹ̀."

Ẹni tó lóun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Àrínọlá sún mọ́ ọn. "Agboolé wo nínú Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, mà."

"Mọ́ṣáláṣí wo?"

"Èyí ńlá yẹn."

Tinúadé ló gba ọkùnrin náà sílẹ̀. "Job!" ló pè é. "O tún ti dé? Ọjọ́ yẹn, o ní ẹ̀gbọ́n ẹ kan láti Ìlúpéjú lo wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún. Ṣáájú ìyẹn, o ní ọkọ ẹnìkan ni ọ́." Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Wo bó ṣe funfun. Ìwọ gan-an ló yẹ ká wá ẹ̀jẹ̀ fún. Lọ jẹun, má tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Uswat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún wà nínú ẹ̀rín náà. Job kò tijú. Ó jáde, ó sì fi ojú pe Kábírù. Àrínọlá náà tẹ̀lé wọn, ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀.

"Ọ̀gá mi, no shaking," ni Job ń wí. "Ibì kan wà lẹ́yìn títì yẹn, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ọ̀rá níbẹ̀. Fresh ni. Wọ́n ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ọsibítù kékeré kan wà tó máa bá ẹ fà á sí i lára, wọn ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan."

Kábírù ti ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Ni Àrínọlá bá yọ sí wọn.

"Ta ló tẹ́ẹ̀sì ẹ̀? Ṣé o wà níbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Job wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ọjà òun kò ní tà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àrínọlá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé padà, ó mú un jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbi tí àwọn aláìsàn mìíràn ti ń dúró.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ló wí. "O fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tí o kò mọ orísun ẹ̀ sí ìyàwó ẹ lára, nítorí kí wọ́n má baà gún ọ lábẹ́rẹ́? Kí lò ń sá fún?"

Kábírù tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò níbi iṣẹ́, Màmá. Gbogbo àwa tá a ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn wà lára mi. Ìdí tí wọ́n fi gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù nìyẹn."

"Hàmdálàt mọ̀?"

"Rárá."

Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Kábírù ló ní kí ìyàwó òun má lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Òun ló ní agbẹ̀bí àdúgbò mọṣẹ́ ju dókítà lọ. Wọ́n ti rò pé ahun ló ń ṣe é. Ó fẹ́ kí wọ́n má yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó náà wò ni, kí ó má baà di pé wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkọ. Nítorí ìtìjú rẹ̀ ni Hàmdálàt fi bímọ síbi tí kò sí ẹni tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Inú bí Àrínọlá débi tó gbàgbé ibi tó wà. Ó dìde, ó kàn tiẹ̀ ń pariwo ni.

"Obìnrin wo lo lọ bá? Sọ ọ́! Ará Ìlúpéjú ni àbí ará Aláúsá? O lọ kó àrùn aṣẹ́wó wálé, o sì ń bá ọmọ ọlọ́mọ sùn lórí ibùsùn kan náà! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá, mi ò bá ẹnikẹ́ni..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Àrùn kì í já bọ́ láti òrùlé."

Obìnrin kan tó jókòó ti Kábírù gbé báàgì rẹ̀, ó sún síwájú. Ọkùnrin tó wà lódìkejì náà dìde, ó lọ dúró létí ògiri. Kábírù ló ku òun nìkan lápá ibẹ̀, ó tẹrí ba.

Àrínọlá kọjú sí nọ́ọ̀sì, ó na apá. "Ẹ fa tèmi. Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Láti ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ ti kú, mi ò mọ ọkùnrin kankan. Ẹ̀jẹ̀ tèmi mọ́!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Bí Tinúadé ṣe ń fa díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, Oyèbọ́lá wọlé, aṣọ ilé ló wọ̀. Uswat ló ti pè é lórí fóònù láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àrínọlá wo Uswat, ó wo Oyèbọ́lá. Ìgbà tí omi bá ń gbé ènìyàn lọ, kì í bi ẹni tó na ọwọ́ sí i nípa okùn aṣọ. Wọ́n fa ti Oyèbọ́lá náà fún àyẹ̀wò, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ara wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n pe Oyèbọ́lá. Orí ibùsùn kan ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kó máa pa ọwọ́ dé, kó máa ṣí i. Tinúadé bọ́ sọ́dọ̀ Àrínọlá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀lé òun wọ yàrá kékeré kan, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, a ò ní lè lo ẹ̀jẹ̀ yín. Ó fi hàn pé àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn wà lára yín."

"Ẹ ti pa á pọ̀ mọ́ ti Ìyá Ọpẹ́," ni Àrínọlá wí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ tún un yẹ̀ wò. Lójú mi níbí."

Tinúadé kò bínú. Ó gún ìka rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí ike pẹlẹbẹ kan, ó ní bí ìlà kan bá yọ, kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá di méjì, ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àrínọlá tẹjú mọ́ ọn. Ìlà kan yọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúpẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ìlà kejì náà yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra," ló wí, "mi ò bá ẹnikẹ́ni..." Ó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Kò sẹ́ni tó bi yín bẹ́ẹ̀, Màmá. Ìbálòpọ̀ lè gbé e, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé láti kékeré ló ti wà lára wọn. Ìyá lè ní i láìmọ̀, kó sì ràn mọ́ ọmọ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an. Ó lè wà lára ènìyàn títí, kó má dùn ún. Ṣé ẹ bímọ?"

Àrínọlá na ìka kan sókè. Ọmọ kan ló bí.

"Ẹ jẹ́ kó wá ṣe àyẹ̀wò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìtọ́jú wà fún un, fún ẹ̀yin náà. Ìyàwó rẹ̀ náà, ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tuntun yẹn, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kó tó gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn náà. Agbẹ̀bí yẹn ò fún un. Ohun tí mo bá yín sọ, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Àrínọlá jáde. Wọ́n ti gbé ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ láti inú fíríìjì lọ sí wọ́ọ̀dù. Oyèbọ́lá jókòó, ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò. Kábírù ṣì wà lápá ibi tí ìyá rẹ̀ fi í sí, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Bí Àrínọlá bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n á máa pè é ní ìyá rere tí ọmọ rẹ̀ ya ìyàkuyà. Ẹ̀rù bà á pé èrò náà wá sí òun lọ́kàn rárá.

"Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nígbà tí mò ń pariwo," ló wí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ rẹlẹ̀, "ẹ dákun, ẹ tún gbọ́ èyí. Ọmọ mi ò ṣe ìṣekúṣe. Èmi ni mo bí àrùn yìí mọ́ ọn. Ara mi ló wà."

Uswat gbá ọmọ tuntun náà mọ́ àyà. Kábírù gbójú sókè, omi ti kún ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ wá jókòó."

"Mi ò jókòó. Uswat, gbé ọmọ yẹn lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní abẹ́rẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ gbà lónìí. Kábírù, dìde. Mo bí i mọ́ ọ, mi ò sì mọ̀. Ìwọ mọ̀, o sì gbé e pamọ́ fún ìyàwó ẹ. Mo ti sọ tèmi. Wá lọ sọ tìẹ."

Ó tẹ̀lé e wọ wọ́ọ̀dù. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń kán, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí apá Hàmdálàt. Ètè rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ojú júwe ọ̀rá náà.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n ń fà sí mi lára yìí, àbí?" ló wí. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi."

Àrínọlá dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, kò bá a sọ ọ́.

"Rárá," ni Kábírù wí, ó sì fa àga sún mọ́ ibùsùn. "Tèmi kọ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ."